Ìyàwó Tó Sá Sẹ́yìn Ọmọ Ilé

Nílé Adéníjì tó wà ní Copperfield, àdúgbò kan ní Calgary ní Canada, ẹni tó ń gbé basement ló máa ń gbọ́ òótọ́. Àwọn àlejò á wọlé lókè, wọ́n á rí àga tó dáa, wọ́n á rí àwòrán ìgbéyàwó lára ògiri, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á sì máa lọ. Monísọ́lá, àbúrò Adéníjì obìnrin tó ń sùn nísàlẹ̀, ló mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bá ń sáré lé ẹsẹ̀ kejì kọjá lórí àjà. Ó mọ ìgbà tí nǹkan wúwo bá wó lulẹ̀ gbì, ó sì mọ̀ pé nǹkan ọ̀hún kì í ṣe àga, nítorí àga kì í ké.

Ohun tó máa ń ṣe ni pé á ki earphone bọ etí. Ẹ má tíì bá a wí. Adéníjì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọkùnrin náà sì fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Nígbà tí bàbá wọn kú ní Iléṣà, Adéníjì ló pọ̀n Monísọ́lá sẹ́yìn lọ́jọ́ ìsìnkú. Òun ló ra bàtà ilé-ìwé àkọ́kọ́ fún un, òun ló mú un wá sí Calgary, òun ló ń gbọ́ bùkátà yunifásítì rẹ̀. Bó bá ní kí Monísọ́lá lọ jókòó sórí iná, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni pé apá ibo nínú iná náà ni kí òun jókòó sí.

Rẹ̀mílẹ́kún ni ìyàwó Adéníjì, nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù ńlá kan ní ìhà Sunridge. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ilé. Bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rákò, bó bá ti bá a nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí Monísọ́lá ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, "Eyínfúnjowó" ni Rẹ̀mílẹ́kún ń pè é, tàbí "ọkọ mi", bẹ́ẹ̀ ló sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Monísọ́lá máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé wo odindi nọ́ọ̀sì tó ń kúnlẹ̀ kí ọmọ tó ń jẹ noodles nínú ìkòkò. Ó máa ń dùn mọ́ Monísọ́lá nínú. Oyè téèyàn ò ṣiṣẹ́ fún máa ń dùn.

Ká má parọ́, Adéníjì kì í lu ìyàwó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́dún 2014, tó tún já sí i lọ́dún 2015, tí àwọn ilé gogoro downtown bẹ̀rẹ̀ sí í pọ èèyàn jáde, ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣe ẹnjiníà ní kó máa lọ sílé. Ó gbé páálí kan sórí itan nínú train títí ó fi délé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò sì lọ bí ọ̀pá ìbọn. Adéníjì náà mọ̀ ọ́n, ó tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó wá kan òun alára, ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́, ara ìyàwó rẹ̀ ló sì ń sọ ọ́ sí.

Kí iṣẹ́ tó bọ́ ni òun àti ìyàwó ti sanwó ìrìn-àjò ìsinmi kan. Wọ́n fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá odò Mosel ní Germany, láti ìlú kékeré kan dé òmíràn, kí ọkọ̀ máa kó ẹrù wọn ṣíwájú, kí wọ́n sì máa fẹsẹ̀ gun òkè lọ wo àwọn castle, ilé olódi tí àwọn ìjòyè ayé àtijọ́ fi òkúta kọ́ sórí àpáta. Wọn ò lè gba owó náà padà mọ́. Bó ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n gbéra, Rẹ̀mílẹ́kún sọ̀ kalẹ̀ wá sí basement, ó kúnlẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ. Mo ti ra ticket yín. Overtime ni mo fi ṣe é."

"Ìyàwó mi, it's you people's anniversary now. Kí ni mo fẹ́ wá ṣe láàárín yín?"

"Ẹ ṣáà bá wa lọ."

Monísọ́lá rò pé inú rere ni. Ó dúpẹ́, ó fò mọ́ ọn lọ́rùn, kò sì béèrè ìdí tí ẹni tó ń fún èèyàn lẹ́bùn fi ń gbọ̀n.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò náà dáa. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tẹ́jú lẹ́bàá odò, ọgbà àjàrà gun òkè lọ lápá òsì àti lápá ọ̀tún, Adéníjì sì ń kọrin níwájú wọn. Ó ń bá àwọn arúgbó òyìnbó sáré ìje, ó ń ju ọwọ́ sókè bó bá yọ wọ́n sílẹ̀. Monísọ́lá wò ó lẹ́yìn, ó ní bùọ̀dá òun ti padà. Rẹ̀mílẹ́kún kò sọ ohunkóhun, ó ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ Monísọ́lá tímọ́tímọ́ débi pé ẹsẹ̀ wọn ń kanra.

Ní castle àkọ́kọ́, wọ́n so kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ gun òkè náà títí àyà wọn fi ń jó. Lẹ́nu géètì, wọ́n pàdé ọkùnrin kan pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Òyìnbó ará Edmonton ni, ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Calgary. Nígbà tó gbọ́ pé Calgary ni wọ́n ti wá, inú rẹ̀ dùn, ó bọ Adéníjì lọ́wọ́, ó ní, "So which company are you with?"

Adéníjì yíjú sí odò. Rẹ̀mílẹ́kún rò pé òun ń ran ọkọ òun lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "They let him go in March. He's just resting for now."

"Oh, same with my son," ni ọkùnrin náà wí, ó sì gbé ọwọ́ lé Adéníjì léjìká, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Adéníjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Rẹ̀mílẹ́kún rí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wá Monísọ́lá.

Monísọ́lá ti ṣíwájú wọn gun òkè ilé-ìṣọ́ lọ ya fọ́tò. Orí àtẹ̀gùn tóóró tó lọ́ yípo nínú ògiri ni tọkọtaya náà wà nígbà tí Adéníjì dúró.

"Ta ló ní kó o bọ́ṣọ lára mi lójú òyìnbó?"

"Ẹ má bínú. I was only trying to—"

Ìgbátí náà dún bí ìgbà tí pákó bá já. Orí Rẹ̀mílẹ́kún gbá òkúta. Kó tó mọ ibi tó wà, ọkọ rẹ̀ ti fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lẹ́nu, ètè rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ gbóná ṣàn sí i lọ́fun. Ó yọ́ gba abẹ́ apá ọkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ àti orúnkún gun àtẹ̀gùn tó kù, ó já síta sínú oòrùn, ó sì sá sẹ́yìn Monísọ́lá, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì.

"Ọkọ mi, ẹ gbà mí."

Ní agboolé wọn ní Iléṣà, ọmọdé pàápàá mọ ohun tí èyí jẹ́. Ìyàwó tí wọ́n ń nà, ẹ̀yìn ọmọ ilé ló ń sá sí, nítorí ọkọ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹgba ìyàwó ba ara ẹbí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sá sẹ́yìn rẹ̀ ò gbọdọ̀ yẹra. Bó bá yẹra, kì í ṣe òun nìkan ló yẹra o, gbogbo ilé ló yẹra.

Adéníjì jáde síta. Kò pariwo. Ohùn tó fi máa ń ní kí Monísọ́lá lọ ka ìwé rẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀.

"Monísọ́lá, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Monísọ́lá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kò rò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ohùn yẹn láti kékeré. Ó gbọ́ bí ẹ̀wù rẹ̀ ṣe fà ya lọ́wọ́ Rẹ̀mílẹ́kún, ó sì rí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe wé irun ìyàwó rẹ̀ mọ́wọ́, tó fi ojú rẹ̀ lu òkúta, tó tún fi lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Eyín kan bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sínú kòtò omi òjò. Monísọ́lá dúró, ó di fóònù rẹ̀ mú.

Nígbà tí àwọn ará Edmonton gòkè dé, Adéníjì ti jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ẹnu rẹ̀, ó ń pè é ní darling. Obìnrin òyìnbó náà fọwọ́ bo ẹnu. "My God, what happened?"

Rẹ̀mílẹ́kún gbé ojú sókè wo Monísọ́lá.

"She slipped on the stairs," ni Monísọ́lá wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó síbi oúnjẹ ní ilé-àlejò tí wọ́n sùn. Ẹnu Rẹ̀mílẹ́kún ti wú, ó ń fi ṣíbí da tíì sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Adéníjì ń wo máàpù.

"Monísọ́lá," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí, "bá mi mú ṣúgà yẹn."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni ń pe ọmọ aládùúgbò ló ṣe sọ ọ́. Adéníjì ò tiẹ̀ gbọ́. Monísọ́lá gbé ṣúgà náà, ṣúgà dà sórí tábìlì. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni o, orúkọ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Kò tíì sí èébú kan tó dùn ún tó báyìí rí. Ibẹ̀ ló ti wá yé e ìdí tí wọ́n fi ra ticket fún un. Obìnrin náà ti fi overtime ra odi fún ara rẹ̀, odi náà sì wó lọ́jọ́ tí ogun dé.

Ó jáde lọ sẹ́bàá odò, ó pe màmá wọn ní Iléṣà, ó sọ gbogbo rẹ̀. Màmá mí kanlẹ̀.

"Àárín tọkọtaya ni. Fi ọ̀wọ̀ bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀. Àmọ́ má jẹ́ kí ọlọ́pàá òyìnbó gbọ́ sí i. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣèlérí fún mi pé o ò ní fa ọmọ mi lé wọn lọ́wọ́."

Monísọ́lá ṣèlérí. Ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bẹ̀ ẹ́. Adéníjì fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "O ti ń dàgbà o. Máa wa kẹ̀kẹ́ ẹ, jẹ́ kí n máa ṣe ilé mi bó ṣe wù mí."

Castle kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àlàpà ni, ọ̀nà rẹ̀ gba inú igbó, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Rẹ̀mílẹ́kún ní orí ń fọ́ òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró ti kẹ̀kẹ́. Adéníjì ní wọ́n ti sanwó ìrìn-àjò, gbogbo wọn ló máa gòkè. Nígbà tí wọ́n dókè, ògiri àtijọ́ kan ló kù lápá odò, kò ga ju orúnkún lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni àpáta, ìsàlẹ̀ àpáta ni òrùlé àwọn ilé kéékèèké.

Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù Adéníjì. Ó kà á. Iṣẹ́ kan ní Fort McMurray, ìlú tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì, tó ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ ni, wọ́n ní àwọn ti gba ẹlòmíì. Ó fi fóònù náà lu ògiri, ó fọ́ yángáyángá.

"Kí ló dé tí ẹnu ẹ dákẹ́?" ló bi ìyàwó rẹ̀. "Inú ẹ ń dùn, àbí? Lọ sọ fún òyìnbó, you hear? Go and tell them."

Rẹ̀mílẹ́kún sún sẹ́yìn. Adéníjì dì í mú lọ́rùn, ó tì í títí itan rẹ̀ fi kan ògiri kúkúrú náà, ó tún tì í. Ẹsẹ̀ obìnrin náà kúrò nílẹ̀. Ó ń ja ẹsẹ̀ lófuurufú, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ohùn kan ń jáde lọ́fun rẹ̀ bí omi tó ń wọ ihò.

"Bùọ̀dá mi, ẹ fi í sílẹ̀!"

Adéníjì ò wẹ̀yìn. Monísọ́lá bọ́ akoto tó fi ń gun kẹ̀kẹ́ kúrò lórí, ó di okùn rẹ̀ mú, ó jù ú yípo, ó gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́bàátí. Ó tún gbá a. Awọ ojú rẹ̀ là. Ìgbà kẹta ni ọwọ́ rẹ̀ tú lọ́rùn ìyàwó, Rẹ̀mílẹ́kún sì ṣubú sápá inú, kò ṣubú síta.

Adéníjì yíjú padà. Kò tíì na Monísọ́lá rí láyé rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tí ajá ilé rẹ̀ bù jẹ, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú lágbọ̀n títí egungun fi dún. Monísọ́lá ṣubú. Ó rí Rẹ̀mílẹ́kún tó ń rákò, ó retí pé yóò sá sẹ́yìn òun. Rẹ̀mílẹ́kún kò wá. Ó ń rákò lọ sápá ibòmíì, sí ìdí igi kan, ó mọ̀ pé ẹ̀yìn igi sàn ju ẹ̀yìn èèyàn lọ. Monísọ́lá ló wá rákò tọ̀ ọ́ lọ, ló na ara rẹ̀ lé e lórí. Bàtà Adéníjì bá a ní ìhà, ó bá a lẹ́yìn, ó bá a lórí. Ó fi èékánná walẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

Àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n ń gòkè bọ̀ ló wọ́ Adéníjì kúrò, wọ́n sì jókòó lé e lórí títí ọlọ́pàá fi dé. Ó ń ké lábẹ́ wọn pé, "Èmi ni mo pọ̀n ẹ́! Monísọ́lá, èmi ni mo pọ̀n ẹ́!" Rẹ̀mílẹ́kún ló ka gbogbo ọgbẹ́ wọn fún ọlọ́pàá, tirẹ̀ àti ti Monísọ́lá, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń fi aláìsàn lé ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́. Monísọ́lá ò sọ gbólóhùn kan. Àgbọ̀n rẹ̀ ti fọ́, wọn ò sì fipá mú un. Kí n sọ òótọ́ fún yín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbọ̀n náà.

Ọlọ́pàá Germany ṣì ti Adéníjì mọ́lé nígbà tí àwọn obìnrin méjèèjì padà sí Calgary. Wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé. Ọlọ́pàá Calgary kan wá, ó ní bí Adéníjì bá ti fẹsẹ̀ tẹ àgbàlá, kí wọ́n pe 911, kí wọ́n má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Rẹ̀mílẹ́kún ń ṣiṣẹ́, ó ń gé ẹran ọbẹ̀ sí kéékèèké fún Monísọ́lá tí kò lè jẹun, ó ń pè é ní Monísọ́lá. Màmá ń pè láti Iléṣà lójoojúmọ́. "Ìlérí tó o ṣe fún mi ńkọ́?" Monísọ́lá á ní òun ṣì rántí.

Wọ́n tú Adéníjì sílẹ̀, ó sì dé lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, snow àkọ́kọ́ ọdún yẹn ń bọ́. Monísọ́lá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń rí i gba inú gíláàsì. Ó ti rù. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú snow, ó fi àyà lélẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò, ṣé o ti rí irú ẹ̀ rí? Otútù ń pa mí. Just let me talk to her."

Ọwọ́ Monísọ́lá lọ sórí kọ́kọ́rọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ó yí i dé ààbọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Rẹ̀mílẹ́kún dúró ní ọ̀nà kíṣínì, aṣọ ìnura wà léjìká rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì ní kó má ṣí i. Ó kàn ń wo ọwọ́ náà.

Monísọ́lá yí kọ́kọ́rọ́ náà padà.

Adéníjì gbọ́ ọ. Ó dìde, ó mú ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó snow, ó fi fọ́ gíláàsì ilẹ̀kùn, ó ki apá bọ inú rẹ̀ láàárín àwọn àfọ́kù mímú. Ó gbá irun Monísọ́lá mú, ó fi orí rẹ̀ lu férémù, ó tún fi lù ú, ẹ̀jẹ̀ apá tirẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ orí Monísọ́lá dà pọ̀ sára ilẹ̀kùn. Fóònù wà lọ́wọ́ Monísọ́lá. Àtàǹpàkò rẹ̀ wá àwọn nọ́ńbà náà, ó tẹ̀ wọ́n.

Obìnrin tó gbé ìpè náà béèrè ibi tó wà, ó sọ ọ́, ó ní ọkùnrin kan ń fọ́ ilẹ̀kùn. Obìnrin náà ní, "Do you know the man?"

Àgbọ̀n rẹ̀ ṣì ń dùn ún. Ó ní, "Yes. It's my brother. Adéníjì. He's going to kill his wife. Please come."

Ọwọ́ tó wà nínú irun rẹ̀ tú sílẹ̀. Adéníjì yọ apá jáde nínú gíláàsì, awọ rẹ̀ ti là láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ó wo ẹ̀jẹ̀ náà bó ṣe ń kán sínú snow. Rẹ̀mílẹ́kún wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ju aṣọ ìnura gba ojú ihò.

"Ẹ fi dì í," ló wí. "Ẹ dì í le, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa tán lára yín."

Ó dì í. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó kọ̀yìn sí wọn. Kò pẹ́ tí siren ọlọ́pàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti òpin àdúgbò.

"Monísọ́lá," ló wí láìwẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ti kéré bíi ti ọmọdé. "Kí ni màá sọ fún Màmá?"

Monísọ́lá ń sunkún, kò sì fi pamọ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ní wákàtí yẹn ju bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ rí lọ.

"Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo pè wọ́n," ló wí.